Ojú Tí A Fi Ń Wo Ilé Kí A Tó Ná An

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, wọ́n á ní, "Ìyá, a fẹ́ máa ṣe ajẹ́ńtì ilé, ṣé owó wà níbẹ̀?" Owó wà níbẹ̀, àìrówó náà sì wà níbẹ̀. Ọdún kan lè sàn ẹ́, kí ọdún kejì sọ ẹ́ di ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnikẹ́ni á kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n bi mí. Ẹni tó fẹ́ ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, kódà bó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù yẹn ni ẹ ó máa bá rìn kiri Ẹdẹ lójoojúmọ́, ẹ ó bá a wọ yàrá, ẹ ó bá a jáde. Ẹni tí kò bá lè fara da ẹ̀rù ẹlòmíràn, kó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Orúkọ mi ni Sìdíkátù. Aṣọ ni ìyá mi ń tà, èmi náà sì bá a tà á títí mo fi lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí ọjà aṣọ kú mọ́ wa lọ́wọ́, Bàbá Rájì tí ilé wọn kọ ẹ̀yìn sí tiwa ní kí n wá máa tẹ̀lé àwọn. Bíríkìlà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé búlọ́ọ̀kù mọ́, wọ́n di ẹni tó ń mú àwọn tó fẹ́ ra ilé káàkiri. Wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n á máa fún mi, mo ní ó dára, ó parí.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn kò gbà kí n lanu níwájú oníbàárà. A ó dé ilé kan, wọ́n á ní kí n dá wọlé, kí n rìn yí i ká, kí n jáde. Bá a bá wá dé etí títì, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn wo ló ń ha ilẹ̀? Kí ló dé tó fi ń ha ilẹ̀? Ibo ni omi òjò ń gbà jáde nínú ọgbà? Ìlà tó wà nísàlẹ̀ ògiri yàrá kẹta, ṣé ẹrẹ̀ ni àbí ọ̀rinrin? Bí mo bá kùnà méjì, a máa padà síbẹ̀ ni. Nínú ààwẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá mi padà sí ilé kan ní Alájùé, oòrùn wà lórí, ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó rí i pé wọ́n ti fi kọ́bọ́ọ̀dù dí ibi tí ògiri ti là. Bàbá kò yìn mí. Wọ́n kàn ní, "Ká máa lọ, àkókò ìṣínu ti fẹ́ tó."

Wọ́n kọ́ mi láti fi oríkèé ìka kan ògiri kí n gbọ́ ibi tó ṣófo. Wọ́n kọ́ mi láti so òkúta mọ́ okùn, kí n sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè ògiri kí n mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Wọ́n ní ilé tí a bá rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn, a kò tíì rí i. Kí n padà wá nígbà òjò. Wọ́n ní kí n má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà nìkan gbọ́, kí n wá obìnrin tó dàgbà jù ní agbègbè náà, kí n jókòó tì í, kí n bi í léèrè àwọn tí ilé kàn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá máa ń fi kún un pé ọmọ là ń wò kí a tó ra ilé.

Ọ̀kan tó dùn wọ́n jù tí mo ṣe rèé. Obìnrin aránṣọ kan fẹ́ ra ilé, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Ó ti ná an, ó kù díẹ̀ kí onílé gbà. Mo wá pọn omi nínú kànga, mo bù ú mu, mo ní níwájú onílé pé, "Omi yìí mà dára o, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Ẹdẹ." Ẹyin lohùn. Onílé wò wá, ó ní òun á tún rò ó. Nígbà tó fi máa dọ̀la, ó ti gbé owó lé e débi tí ọwọ́ aránṣọ kò lè tó o mọ́. Bàbá Rájì kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà, wọ́n ní kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Ó ń wọn ènìyàn lọ́wọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ká tépù rẹ̀, ó tún tú u, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Pàṣán kò lè nà mí tó ìdákẹ́ yẹn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tẹ̀lé wọn kí wọ́n tó re ibi àgbà ń rè. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dá dúró, àwọn ènìyàn sì mọ̀ mí. Wọ́n máa ń ní tí Ìyá Sìdí bá ti wo ilé, kò sí ohun tó pamọ́. Èmi náà wá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Tọkọtaya kan wá bá mi. Agbẹ̀bí ni ìyàwó, Mùlíkátù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Wàsíù, ń tún fíríìjì ṣe. Oyún àkọ́kọ́ wọn ti lé lóṣù méje. Lánlọ́ọ̀dù wọn fẹ́ kó yàrá wọn fún ọmọ rẹ̀ tó ń gbéyàwó, ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wá ibi tí wọ́n á lọ. Wọ́n ti ń tu owó jọ láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, wọ́n wá ní àwọn kò ní háyà mọ́, ilé làwọn máa rà.

Ilé mẹ́rin ni mo fi hàn wọ́n. Àkọ́kọ́, páànù rẹ̀ ti jẹrà. Èkejì, gọ́tà àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé ló ń ṣàn wọnú ọgbà rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń tà á yí ohùn padà lójú wa. Ẹ̀kẹrin, ìwé rẹ̀ kò pé. Ní gbogbo ibi tá a dé ni Wàsíù ti fẹ́ ná an lójú ẹsẹ̀, èmi ni mò ń fà á sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a bá ń padà bọ̀, wọ́n á jókòó bí ẹni tí kò mọ ara wọn. Lọ́jọ́ kan Wàsíù ní ṣé a ó máa wo ilé títí ọmọ á fi dé bá wa ní títì ni.

Ilé karùn-ún wà lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, ó jìn sínú díẹ̀. Bàbá àwọn kan ló kọ́ ọ, ó ti kú, àwọn ọmọ fẹ́ tà á. Ẹ̀gbọ́n àgbà wọn, Bàbá Yékínì, ló ṣí i fún wa. Yàrá mẹ́ta ni, ògiri rẹ̀ le, òrùlé rẹ̀ gbẹ. Mo kan gbogbo ibi tó yẹ kí n kàn. Wàsíù ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń pa á dé, ó tún ń ṣí i. Mùlíkátù wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, tí oòrùn òwúrọ̀ ń wọ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó wá rọra sọ fún mi pé, "Ibí ni màá tẹ́ ọmọ sí."

Mo wo ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà ní gbogbo ilé yẹn, àfi yàrá kékeré yìí nìkan tó ní táìsì, tuntun, tó ń dán. Bàbá Rájì ti kọ́ mi nípa irú ẹ̀. Wọ́n ní ilé tí yàrá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá dá wọ aṣọ tuntun, kí n bi í pé kí ló ń bò mọ́ra. Ìbéèrè náà ti dé ètè mi. Ìgbà yẹn ni fóònù Bàbá Yékínì dún. Ó dáhùn sókè ketekete pé bẹ́ẹ̀ ni, ilé ṣì wà, kí ará Ìbàdàn tó fẹ́ rà á máa bọ̀ lọ́sàn-án. Wàsíù wò mí. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ. Mo gbé ìbéèrè náà mì.

A jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n sọ iye tí agbára wọn ká fún mi, mo wọlé lọ dá owó náà lé ilé. Bàbá Yékínì rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó na ọwọ́ sí mi, ó ní àwọn gbà, pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gbogbo ẹbí á tọwọ́ bọ̀wé níwájú lọ́yà. Mùlíkátù jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, ó ń sunkún ayọ̀. Mi ò wá àgbà obìnrin kankan lọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọjọ́ yẹn náà ni Wàsíù sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé àwọn á kó jáde lópin oṣù, kò sì pẹ́ tí ọmọ lánlọ́ọ̀dù fi gbé ọ̀dà dé láti kun yàrá.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Mùlíkátù ní òun fẹ́ wọn fèrèsé fún kọ́tìnì. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Nínú yàrá kékeré yẹn, obìnrin kan jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó kí wa dáadáa, a dá a lóhùn. Ó béèrè bóyá àwa la fẹ́ rà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá táìsì náà jẹ́jẹ́, ó ní, "Ọkọ mi ló wà níbí."

Mùlíkátù jáde. Mo gbọ́ tó ń bì lẹ́yìn ilé. Wàsíù kọjú sí mi. Ọmọ yìí kò tíì gbóhùn sókè sí mi rí, kò sì gbé e sókè lọ́jọ́ yẹn pàápàá. Ó ní, "Ìyá, ẹ sọ fún wa pé ẹ ti wò ó."

Obìnrin náà ni Ìyá Káfáyà. Ọkọ rẹ̀ ni àbúrò tó tẹ̀lé Bàbá Yékínì. Nígbà tó kú, àgbàlá ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n fa ilé gùn, yàrá náà sì gba orí sàréè kọjá. Opó náà ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí oko bàbá rẹ̀ ní Alájùé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ilé, wọ́n lẹ táìsì bo ilẹ̀ yàrá náà, wọn kò sì sọ fún un. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ́nà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀ ní Alájùé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, èmi tó yẹ kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀fà ni mo di ojú mi.

Bàbá Yékínì dé, inú bí i. Ó ní ilé wo ní Ẹdẹ ni kò ní sàréè? Ó ní ará Ìbàdàn ti dé, ó ti wò ó, ó ṣetán. Bí àwa kò bá fẹ́ mọ́, ká sọ. Wàsíù kò lè sọ pé àwọn ò fẹ́, nítorí kò síbi tí wọ́n á padà sí. Kò sì lè sọ pé àwọn fẹ́, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́, ó ti kọ ẹ̀yìn sí ilé náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo dá lọ sí Alájùé. Mo bá Ìyá Káfáyà níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé mo rí táìsì yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò sì béèrè. Ó ti ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n dìde. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n má tà á, nítorí àwọn ọmọ òun náà ní ìpín níbẹ̀. "Ẹnì kankan ò bi mí ni," ó ní. "Bí wọ́n bá tà á báyìí, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n lè kí i?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Mùlíkátù bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ọjọ́ méjì gbáko kò fèsì. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé. Bàbá Yékínì àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà níbẹ̀, Ìyá Káfáyà wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀ pẹ̀lú tọkọtaya yìí àti èmi. Pálọ̀ ṣófo, orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí. Bàbá Yékínì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa bi wá, ará Ìbàdàn wà lọ́nà. Mùlíkátù fọwọ́ ti ògiri, ó dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé a lè yọ yàrá yẹn kúrò nínú ilé?"

Ó ṣàlàyé. Kí a fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn tó ti inú ilé wọ ibẹ̀. Kí a ká páànù orí rẹ̀, kí a wó ògiri ìta, kí a hú táìsì, kó padà di àgbàlá bó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí a ṣe géètì kékeré sí i láti ìta, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Káfáyà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ti ẹbí ni. Yàrá méjì tó kù ni àwọn máa rà, iye yàrá méjì ni àwọn sì máa san.

Bàbá Yékínì ní láéláé. Ó ní ẹni tó ní owó yàrá mẹ́ta lọ́wọ́ ń bọ̀, kí ló máa mú òun gba ti méjì. Ìyá Káfáyà wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní tọwọ́ bọ̀wé fún ará Ìbàdàn. Màá tọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ọmọ yìí." Lọ́yà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sọ fún Bàbá Yékínì pé láìsí ọwọ́ obìnrin yìí, ìwé náà kò lè dúró. Bàbá Yékínì wo àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ìyẹn wo ilẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ obìnrin tó kéré jù nínú wọn. Obìnrin náà ní, "Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Àwa náà ò ṣe dáadáa." Bàbá Yékínì mí kanlẹ̀. Nígbà tó lanu, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í ná an pẹ̀lú mi, mo sì mọ̀ pé ó ti gbà. A pàdé láàárín méjì.

Bíríkìlà kò tíì ṣe tán tí Mùlíkátù fi bímọ, níbi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Wọ́n gbé ọmọ wọ ilé nígbà tí sìmẹ́ńtì ibi tí wọ́n dí ṣì tutù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, Ìyá Káfáyà gba géètì tirẹ̀ wọlé, ó kí ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yọjú sí ilẹ̀kùn iwájú láti kí ọmọ. Mi ò gba kọmíṣọ̀n kankan lórí ilé yẹn. Wàsíù ń kí mi, ṣùgbọ́n ó ju ọdún kan lọ kó tó bá mi rẹ́rìn-ín, mi ò sì bá a wí.

Láti ìgbà yẹn, mi ò fi ilé han ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo ti jókòó ti àgbà obìnrin tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ sì ń yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Fóònù tó ń fi àwòrán hàn dé. Àwọn tó wà lókè òkun ń ra ilé tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí, kí ajẹ́ńtì kàn máa gbé fóònù káàkiri inú yàrá. Mi ò bá fóònù jà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sàn ju tọ́ọ̀ṣì mi lọ, ó sì ń bá mi wọn ògiri. Ṣùgbọ́n kì í gbóòórùn. Lọ́jọ́ kan mò ń fi ilé kan han ọkùnrin kan lórí fóònù báyìí, ẹni tó ń tà á dúró tì mí, ó ń fọwọ́ darí mi sí ibi tó dára. Mo dá dúró, mo sọ fún ọkùnrin náà pé yàrá yìí ń rùn bí ibi tí omi ń dúró sí. Ẹni tó ń tà á kò kí mi mọ́ títí dòní.

Orúnkún ló mú mi dẹ́kun iṣẹ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé yàrá háyà ni mo ń gbé ní gbogbo ọdún yẹn. Ọmọ kan lọ sílé ìwé, òmíràn tẹ̀lé e, ilé tèmi ń dúró. Ìgbà tí mo jókòó sílé ni mo tó sọ pé èmi náà á rà. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ajẹ́ńtì báyìí, Bùṣírá, ló mú mi lọ wo ilé kékeré kan lójú ọ̀nà Ará. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Mo wọlé, mo rí fèrèsé ilé ìdáná tó kọjú sí igi góbà, ojú mi sì fọ́ sí gbogbo ohun tó kù. A jáde, mo sọ iye tí mo ní fún Bùṣírá. Ó wọlé, ó jáde, ó ní wọn ò tíì gbà. Mo ní kó lọ fi kún un, kó fún wọn ní ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ronú." Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àìmọye ènìyàn. Mi ò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. A kírun Àílà síbẹ̀, a dúró títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pe Alásàrí.

Onílé fúnra rẹ̀ ló jáde wá. Ó bi mí pé ta ló máa bá mi gbé ibẹ̀. Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní, "Ẹ padà wọlé, màmá, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Yàrá ẹ̀yìn ń jò. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wá máa bú mi tí òjò bá dé." Ó mú mi débẹ̀, ó nàka sókè. Àmì omi tóbi bí ẹní ìkírun lára àjà, èmi tí mo ti wo ilé fún ọgbọ̀n ọdún lé ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, mi ò rí i.

Ó yọ díẹ̀ kúrò nínú owó náà nítorí rẹ̀, mo sì rà á. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ kí káfíńtà tó dé. Mo gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, mo fa àga tì í, mo jókòó, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán sínú abọ́ nínú ilé mi.